Ìwé Àkójọ Ìtàn Kúkúrú: Èwo Ló Yẹ Ta? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí, olùkọ́ àti àwọn tó kàn fẹ́ràn ìwé kíkà máa ń béèrè jù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ìwé ìtàn kúkúrú. Ẹni tó bá ní kí n dárúkọ èyí tó dára jù, èmi náà á bi í ní tèmi: ta ló fẹ́ kà á, ibo ló ti fẹ́ kà á, ṣé yóò dákẹ́ kà á ni tàbí yóò kà á sókè fún ẹlòmíràn? Ìwé tó ń dùn mọ́ ọmọ yunifásítì lè sú ìyá àgbà kó tó parí ojú ewé kejì.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àkójọ tí ẹnì kan kọ àti èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ?

Nínú èyí àkọ́kọ́, òǹkọ̀wé kan ṣoṣo ló ni gbogbo ìtàn inú ìwé. Bí Girls at War tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1972 ṣe rí nìyẹn, àti The Thing Around Your Neck ti Chimamanda Ngozi Adichie, tó jáde ní 2009 pẹ̀lú ìtàn 12. Nínú èkejì, olóòtú ló ṣa ìtàn jọ lọ́wọ́ oríṣiríṣi òǹkọ̀wé, bí African Short Stories tí Achebe àti C. L. Innes jọ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1985.

Bó bá jẹ́ ti ẹnì kan, ohùn kan náà lẹ ó máa gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ohùn yẹn bá ti sú yín ní ìtàn kẹta, owó yín ti ṣòfò. Bó bá jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ fo ìtàn tí kò dùn, ẹlòmíràn ló kàn. Ẹni tí kò tíì mọ irú ìtàn tó fẹ́ràn, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kó kọ́kọ́ rà. Kó fi bírò sàmì sí orúkọ òǹkọ̀wé tó bá wọ̀ ọ́ lára, kó wá lọ wá ìwé tí onítọ̀hún dá kọ.

Ṣé dandan ni kí n kà á láti ojú ewé kìíní?

Rárá o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù yín. Àfi ìwé tí ìtàn inú rẹ̀ so mọ́ra, bí Dreams and Assorted Nightmares tí Abubakar Adam Ibrahim kọ ní 2020. Ìlú kan náà ni gbogbo ìtàn ibẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó kàn kọjá lójú pópó nínú ìtàn kan lè di ẹni tí ìtàn mìíràn dá lé lórí. Irú èyí, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò.

Mo ka ìtàn kan tán, kò parí. Ṣé ewé já nínú ìwé mi ni?

Ó lè já lóòótọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ayédèrú lẹ rà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ojú ewé. Bí nọ́ńbà bá pé, bí òǹkọ̀wé ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Àlọ́ ló kọ́ wa láti máa retí ìparí tó mọ́lẹ̀ kedere. Apàlọ́ kì í dìde láìjẹ́ pé ó di ẹrù rẹ̀ tán: “Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà; bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó.” Kó tó dé ibẹ̀ ló ti sọ ìdí tí orí ahun fi pá tàbí ìdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi rí págunpàgun. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú wa dé ibi tí obìnrin kan ti gbé àpò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára kọ́kọ́rọ́, wọ́n á sì dákẹ́. Bóyá ó lọ, bóyá kò lọ, àwa la ó dá a rò. Ó máa ń bí àwọn kan nínú, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jù ú sílẹ̀, ẹ padà lọ ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ìdáhùn pamọ́ sí.

Ọmọ mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìwé wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1973. Babalọlá yìí náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí ìjálá. Etí rẹ̀ là sí ohùn ẹnu, ó sì mọ̀ pé bí a bá yọ orin kúrò nínú àlọ́, eegun rẹ̀ la yọ yẹn.

Ẹ má wulẹ̀ kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. Ẹ pe “Ààlọ́ o!”, kí ọmọ dáhùn “Ààlọ̀!”. Ẹ ní “Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo”, kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ tí Ìjàpá fi lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ó yọ́ wọ ibi ìdáná, ó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà (ẹlòmíràn á ní ẹ̀wà ni), ó dé fìlà mọ́rí, ó ní ilé ti yá. Àwọn àna ní àwọn á sìn ín sọ́nà. Ó ní kí wọ́n padà. Wọ́n ní ká má rí i, ṣé irú àna báyìí ni wọ́n máa ń dá fi sílẹ̀? Wọ́n tún sìn ín síwájú. Ẹ̀bẹ ń jó o lórí, omi ń dà lójú rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà. Wọ́n ní ó kù díẹ̀.

Ibi “ẹ padà” yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ fi ohùn ọmọlúàbí sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ohùn yín yára díẹ̀. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ fúnra rẹ̀ á ti gbà á lẹ́nu yín, á máa pariwo “Ẹ padà o!” bí ẹni pé orí tirẹ̀ ló ń jó. Ọmọ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ó lè mú ìwé náà fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kó máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ dá a kà kí ẹ tó kà á fún ọmọ. Ìjàpá a máa jalè, a máa dalẹ̀ ọ̀rẹ́, wọn a sì máa lù ú ní ìlù bàrà. Àwọn àlọ́ kan wà tí kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́ kó tó lọ sùn.

Ìlú òyìnbó la ti ń tọ́ àwọn ọmọ wa. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, wọn kò lè kà á. Kí la lè ṣe?

Ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á, kí wọ́n máa gbọ́. Àlọ́ kan péré lọ́sẹ̀ tó, bó bá ti jẹ́ pé kò ní yẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ dá kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá Yoruba Folktales ti Amos Tutùọlá, tí Ibadan University Press tẹ̀ ní 1986. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn, ohun tó sì mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn ọmọ òkè òkun gan-an nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbé ìtàn wa sọdá òkun. Ní Kúbà, Lydia Cabrera gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ ẹrú, púpọ̀ nínú wọn nínú ìran Lùkùmí, ìyẹn àwọn Yorùbá ibẹ̀. Ìwé rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Paris ní 1936, ní èdè Faransé. Ọdún 1940 ni ti èdè Sípáníìṣì tó jáde ní Havana, Cuentos negros de Cuba. Ìjàpá wà níbẹ̀, Jicotea lorúkọ tí wọ́n ń pè é, àrékérekè rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí Cabrera ti kó lọ sí Miami, ó tún gbé odindi ìwé jáde lórí Jicotea nìkan ní 1971. Àkọlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ayapá, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn.

Ti Bràsíìlì sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ inú ilé ló kọ ọ́. Mestre Didi, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ olórí ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá ní Salvador, ló kọ Contos Negros da Bahia ní 1961, ó sì tún kọ Contos de Nagô ní 1963. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó gbọ́ Potogí, ẹ ní kó kà díẹ̀ fún yín. Yóò ya àwọn ọmọ lẹ́nu láti gbọ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ nínú èdè tí wọn kò gbọ́.

N kò ráyè. Inú bọ́ọ̀sì nìkan ni mo ti ń kàwé.

Ẹ̀yin gan-an ni ìtàn kúkúrú wà fún. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀bùn Caine Prize, tí wọ́n ti ń fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà láti 2000, máa ń gba ìtàn tó wà láàárín ọ̀rọ̀ 3,000 sí 10,000. Ẹni tó bá ń ka bíi ọ̀rọ̀ 200 ní ìṣẹ́jú kan á parí èyí tó kéré jù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, á sì parí èyí tó gùn jù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland Bridge nìkan máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Wọ́n máa ń kó ìtàn àwọn tó dé ìpele àṣekágbá pọ̀ sínú ìwé. Ẹ wá ti ọdún 2012, tí Rótìmí Babátúndé gbà pẹ̀lú ìtàn ọmọ ogun kan tó ti Burma dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì sọ ilé ara rẹ̀ di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Tọ́pẹ́ Fọlárìn ló gbà á. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Texas ni tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: wòlíì tó fọ́jú ń gbàdúrà fún ọmọkùnrin tí kò ríran dáadáa láìlo awò, gbogbo ìjọ sì ń retí kó ní òun ti ríran. Ẹni tó bá dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tàbí ti pẹ́ńtíkọ́sì á mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára ọmọ yẹn.

Ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo fẹ́. Ìwé tó ń ronú jù ti sú mi.

Nearly All the Men in Lagos Are Mad, tí Damilare Kuku gbé jáde ní 2021. Ìtàn 12 ni, gbogbo rẹ̀ dá lórí obìnrin àti ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ ọkùnrin Èkó. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bo ara. Èyí tó tún wà ni àkójọ ìtàn ìfẹ́ tí Ankara Press gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún Àyájọ́ Olólùfẹ́ ọdún 2015. Wọ́n túmọ̀ àwọn ìtàn rẹ̀ sí èdè Áfíríkà, Yorùbá wà lára wọn, wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ti ọ̀daràn, ti iwin, ti ọjọ́ iwájú ńkọ́?

Fún ọ̀daràn, Lagos Noir tí Chris Abani ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2018. Fún ọjọ́ iwájú àti sáyẹ́ǹsì, Africanfuturism tí Wọlé Tàlàbí ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2020: ìtàn mẹ́jọ, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún iwin, Ghostroots ti ’Pemi Aguda, 2024. Èkó ni ìtàn 12 inú rẹ̀ wà, ó sì dé ìpele àṣekágbá National Book Award ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Ẹ má kà á lóru bí iná bá ti lọ.

Gbogbo ìwé tí ẹ dárúkọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù. Ṣé kò sí ìtàn kúkúrú òde òní ní Yorùbá, tí kì í ṣe àlọ́?

Ó wà, ṣùgbọ́n ó fọ́n káàkiri. Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí kì í ṣe pé a kò ní ẹni tó lè kọ ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ọjà tó tóbi jù fún ìwé Yorùbá. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń wá fún ìdánwò ni ìtàn àròsọ gbọọrọ, eré oníṣe àti ewì. Ìwé tí kò bá sí lórí àkọsílẹ̀ ìdánwò, atẹ̀wé á wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó náwó lé e. Òǹkọ̀wé tó ní ìtàn kúkúrú mẹ́wàá lọ́wọ́ á rí i pé ó rọrùn láti lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ìwé gbọọrọ kan. A sì rí àmì lílẹ̀ yẹn nínú àwọn ìwé kan tí a ń yìn, tí orí kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹni pé òun dá dúró.

Inú ìwé ìròyìn ni ìtàn Yorùbá ti kọ́kọ́ rí òǹkàwé rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó tó sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ìwé gbọọrọ ni a ń pè é lónìí, àmọ́ bí ìtàn kúkúrú ni àwọn ará Èkó ìgbà náà ṣe jẹ ẹ́. D. O. Fágúnwà náà, tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, gbé ìwé kan jáde ní 1959 tí ó pè ní Àṣàyàn Ìtàn, èyí tí àwọn tó ń fi Ògbójú Ọdẹ búra kì í sábà rántí.

Lóde òní, ẹ wo ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ń tẹ ewì àti ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ kọ ní Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní ẹ̀bùn fún ìwé Yorùbá. Ìtàn ibẹ̀ kò dọ́gba, àwọn kan ṣì ń wàásù jù, ṣùgbọ́n ẹ ó rí Yorùbá tí àwọn ènìyàn ń sọ lórí fóònù àti ní ọjà lónìí, kì í ṣe ti ààfin nìkan.

Mo rí ìwé àtijọ́ kan ní ilé bàbá mi, àkọtọ́ rẹ̀ ṣòro fún mi.

Àkọtọ́ tí a ń lò báyìí fìdí múlẹ̀ ní 1974. Ìwé tó ṣáájú ìyẹn á máa kọ aiye fún ayé, enia fún ènìyàn, yio fún yóò, nwọn fún wọ́n, àmì ohùn rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Ẹ kà á sókè, ojú ewé mẹ́ta péré ni yóò fi yọ yín lẹ́nu. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń fi ìwé pọ́n ẹ̀pà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ àkójọ tó dáa kí n tó sanwó?

Ẹ ṣí i sí ojú ewé tí orúkọ ìtàn wà. Bí ìwé bá pe ara rẹ̀ ní ti Áfíríkà, tí gbogbo òǹkọ̀wé inú rẹ̀ sì wá láti orílẹ̀-èdè méjì, orúkọ ti ju ara lọ. Ẹ wo ojú ewé tí wọ́n kọ ìgbà àti ibi tí ìtàn kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ jáde sí. Olóòtú tó ṣiṣẹ́ á ti to ìyẹn síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtumọ̀, ẹ wá orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Níbi tí orúkọ yẹn kò bá sí, ẹ fura.

Ti Yorùbá ní àyẹ̀wò tirẹ̀: ẹ ka ìpínrọ̀ kan láàárín ìwé, kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ wà títí dópin tàbí ó rẹ̀ wọ́n ní orí kejì. Ní ti ayédèrú, ẹ gbé ìwé sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí lẹ́tà ẹ̀yìn ewé bá yọ sí iwájú, tí ìlà sì wọ́ lójú ewé kan ju èkejì lọ, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

A fẹ́ dá ẹgbẹ́ àkàwé sílẹ̀. Báwo la ṣe lè lo irú ìwé yìí?

Ìtàn kan fún ìpàdé kan. Kí ẹnì kan ka ojú ewé àkọ́kọ́ sókè, nítorí ẹni tí kò kà á láti ilé wà níbẹ̀ dandan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi “kí ni ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa?” bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ti dáhùn ìyẹn tó nílé ìwé. Ẹ bi ara yín pé ta ló ń purọ́ nínú ìtàn náà. Ilé á gbóná.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó ìtàn àwọn òǹkọ̀wé pọ̀ sínú ìwé kan. Ṣé a lè mú èyí tó bá wù wá?

Ẹ kò lè mú un láìgbàṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà, Copyright Act 2022, dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bọ́ sí gbangba, ó di ìparí 2033. Àlọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí Babalọlá ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, tirẹ̀ ni. Ẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà fúnra yín, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ sì dárúkọ àgbà náà bó bá fẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé òfin yẹn kan náà ní abala tó dá lórí ìtàn àbáláyé, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ fi pa owó.

Fún òǹkọ̀wé tó wà láàyè, ẹ kọ̀wé sí òun àti atẹ̀wé rẹ̀, kí ẹ gba àṣẹ lórí ìwé, kì í ṣe lórí WhatsApp. Kí àdéhùn náà sọ iye tí ẹ ó san àti iye ẹ̀dà ìwé tí òǹkọ̀wé á gbà. Kó sọ bóyá ti bébà nìkan ni tàbí ti fóònù àti ti ohùn pẹ̀lú, àti ọdún tí ẹ̀tọ́ náà á padà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Bí ẹ kò bá lówó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á gbà á ní ẹ̀dà ìwé márùn-ún.